Ọ̀rẹ́ Tí Ojú Kò Rí: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ọmọ Ilé Kéú Wa Kan

  

Ní oṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ní ilé kéú wa ní Adó-Èkìtì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń tún fóònù ṣe ní Ajílósùn. Kò jókòó. Ó dúró síbi ilẹ̀kùn, ó ń wo ilẹ̀, ó sì sọ ìbéèrè rẹ̀ jáde bí ẹni tó ti há a sórí láti ilé: "Ùsitáàsì, mo ní ọ̀rẹ́ kan tí mo máa ń bá sọ̀rọ̀ láti kékeré. Kò sí níbì kan. Mo mọ̀ pé kò sí, èmi ni mo fi ọkàn mi rò ó. Ṣé mo ti wá orogún fún Ọlọ́hun?"

Ó ti gbọ́ ọ níbi wáàsí kan pé ẹni tó bá ń bá ohun tí a kò rí sọ̀rọ̀, ẹbọ ló ń ṣe, ìrun rẹ̀ kò sì gbà. Láti ọjọ́ náà, oṣù mẹ́rin gbáko, kò kírun pẹ̀lú jámáà mọ́. Ó ń bẹ̀rù kí òun má ba ìrun àwọn ẹlòmíràn jẹ́.

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tó kàn wá. Ó di ọdún kẹtàdínlógún tí ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, mú un wá sí ilé kéú yìí kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àáfáà wa àgbà kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Kò tó oṣù mẹ́ta tó fi há Júsù Ámà láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í wo ojú ẹni. Bí àwọn ọmọ bá ń ké wàláà wọn lẹ́ẹ̀kan náà, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Nígbà ìsinmi, á lọ sí ìdí ògiri, á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á máa mi ìka ọwọ́, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á sì rẹ́rìn-ín. A bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ ẹnìkan tí kò sí nínú kíláàsì. A tún bi í, ó tún dárúkọ rẹ̀. A nà án.

A nà án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí pàṣán kò mú un jáwọ́, a sọ fún ìyá rẹ̀ pé àlùjọ̀nnú ló ń bá ọmọ náà ṣeré. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa yẹn ló gbé kiri. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọ̀run ni, wọ́n ra ìrèké àti àkàrà, wọ́n kó ọmọdé jọ kí wọ́n jẹ ẹ́. Aládùúgbò ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Níkẹyìn, àáfáà kan ní ìlú mìíràn dè é mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun ń lé àlùjọ̀nnú jáde. Àpá okùn náà wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí di òní. A rí i bó ṣe fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú.

Ìgbà tí a dé Yunifásítì, tí a ń kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́, la tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àìsàn tó ń ràn. Bí ọpọlọ ẹlòmíràn ṣe rí nìyẹn láti inú oyún: ariwo lè dùn ún bí ẹni pé wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, ojú ènìyàn lè ṣòro fún un láti wò, ó lè fẹ́ kí ohun gbogbo máa lọ bó ṣe ń lọ lánàá, kí ó sì mọ ohun kan ṣoṣo débi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n dé. Ní 1943 ni Dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó rí báyìí ní Amẹ́ríkà. Ní 1944, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 127 ló ní in láyé. Bí 500 ènìyàn bá pé síbi ìrun Jímọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀: bí ẹni mẹ́rin. Àwọn yìí kì í fi í sílẹ̀ sí ìgbà èwe o. Wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń dá irùngbọ̀n sí, wọ́n ń wá aya àti ọkọ.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti ṣìnà lórí wọn. Ní 1979, Lorna Wing àti Judith Gould ní Ìlú Ọba ka ìṣòro nínú ìrònú àti eré àfinúrò mọ́ àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé inú wọn ṣófo. Àfìgbà tí àwọn tó ní in dàgbà tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Donna Williams, obìnrin Ọsirélíà kan, tẹ ìwé jáde ní 1992 nípa Willie àti Carol, ẹni méjì tó ti ń gbé inú rẹ̀ láti kékeré: Willie fún ìgbà tí nǹkan bá le, Carol fún ìgbà tó bá gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín sí ènìyàn. Daniel Tammet, ará Ìlú Ọba tó ka òǹkà 22,514 látorí ní 2004 láìwo ìwé, kọ ọ́ ní 2006 pé obìnrin arúgbó kan tó ga púpọ̀, tí kò sí láyé yìí, ni alábàárò òun nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn ọmọ yòókù kò fẹ́ bá òun ṣeré.

A sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí pé kí a jáde. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí ojú wa kò kojú. Ìgbà yẹn ló sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan, ìlú kan wà. Ó ní títì 14 àti odò méjì, ó sì ní ọjà kan tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé ọmọ Ọjà Ọba ni? Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ariwo yẹn. Ọ̀rẹ́ náà ló máa ń bá a dán ọ̀rọ̀ wò: bí yóò ṣe kí oníbàárà, bí yóò ṣe sọ pé owó kò pé láìbínú. Bí wọ́n bá ti dán an wò tán, á lọ sọ ọ́ fún ẹni gidi.

Ẹ̀yin tí ẹ ó sọ pé àlùjọ̀nnú ni, ẹ ní sùúrù. Òótọ́ ni pé àlùjọ̀nnú wà, Ọlọ́hun sọ odindi Súrà kan kalẹ̀ nípa wọn. Òótọ́ ni pé ó wà nínú hadiisi tí Muslim gbà wá pé alábàárìn kan nínú àlùjọ̀nnú wà pẹ̀lú olúkúlùkù wa, tó fi mọ́ Ànábì fúnra rẹ̀, àfi pé Ọlọ́hun ràn án lọ́wọ́ lórí tirẹ̀. Olúkúlùkù ni. Àáfáà tó ń fi hadiisi yìí de ọmọ ọlọ́mọ lókùn, òun náà ní tirẹ̀. Ta ló dè é? Ọlọ́hun sì kọ̀ fún wa nínú Súrátùl Isirái láti máa tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, torí a ó bi etí, ojú àti ọkàn léèrè. Ìmọ̀ wo la ní nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá rẹ̀? Kò sí. Ó yà wá lẹ́nu ni, ìyanu wa la sì fi orúkọ àlùjọ̀nnú pè.

Nítorí náà, èyí ni ìdáhùn tí a fún un. Wíwá orogún fún Ọlọ́hun ni kí ènìyàn sin ohun mìíràn, kí ó ké pè é fún ohun tí Ọlọ́hun nìkan lè ṣe. A bi í pé ǹjẹ́ ó ti tọrọ ọmọ, oúnjẹ tàbí ìdáríjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yìí rí. Ó wò wá fìrí bí ẹni tí a sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ sí: "Báwo ni mo ṣe máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò sí?" Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa tí tírà wà ní ìdí kò lè dáhùn báyìí. Irọ́ ńkọ́? Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Abu Dawud gbà á wá pé Ànábì rí ọmọláńgidi lọ́dọ̀ Aisha, ẹṣin kan wà láàárín wọn tó ní ìyẹ́ méjì. Ó bi í pé ṣé ẹṣin máa ń ní ìyẹ́ ni? Aisha ní ṣé kò gbọ́ pé ti Ànábì Sulaiman ní ìyẹ́ ni? Ànábì rẹ́rìn-ín títí tí èrìgì rẹ̀ fi hàn. Kò ní kí ó lọ fọ ẹnu.

Ti ìrun ló gùn díẹ̀. Ohun tó ń lọ nínú ọkàn kì í ba ìrun jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dín ẹ̀san rẹ̀ kù, gbogbo wa la sì jọ jẹ gbèsè ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Muʿawiya ọmọ al-Hakam sọ̀rọ̀ láàárín ìrun lẹ́yìn Ànábì, ó ń kí ẹni tó sín. Àwọn èrò tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ń fọwọ́ lu itan. Nígbà tí wọ́n parí, Ànábì ṣàlàyé fún un pé ìrun kò gba ọ̀rọ̀ ènìyàn. Muʿawiya jẹ́rìí pé òun kò rí olùkọ́ tó dára jù ú lọ rí, torí kò kanra mọ́ òun, kò na òun, kò bú òun. Hadiisi yìí, a ti há a sórí láti ilé kéú, àti ẹni tó gbà á wá. Pàṣán wà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tí a há a.

Ìdàkejì wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Bí ẹni tí ara rẹ̀ ti ń dá tẹ́lẹ̀ bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn, tí ohùn náà ń pàṣẹ fún un pé kí ó pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, tí kò sùn mọ́, tó sì dá a lójú pé ẹni náà wà lóòótọ́, ìyẹn kì í ṣe ìlú àfinúrò. Ilé ìwòsàn ló kàn. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó, wọ́n sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti fi hàn ní Arò ní Abẹ́òkúta pé aláìsàn lè máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kí ara rẹ̀ sì yá, láìsí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Ẹ gbàdúrà, ẹ ka Al-Kùránì sí i létí, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má kà á. Okùn ni kò sí nínú Súnnà.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ti yín tún le, torí ẹ mọ bí a ṣe ń fi pamọ́. Ọmọbìnrin tó bá jẹ́wọ́ irú ìlú yìí, emèrè ni wọn yóò pè é, àfẹ́sọ́nà á sì sá. Bí ó bá fi sọ yín létí, ẹ má gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Anas sọ nínú hadiisi Muslim pé obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tí nǹkan ṣe ọpọlọ rẹ̀; ó ní òun fẹ́ rí Ànábì. Ànábì ní kí ó mú ojú ọ̀nà tó bá wù ú, òun yóò bá a níbẹ̀. Ó sì dúró tì í ní ojú ọ̀nà náà títí ó fi sọ tẹnu rẹ̀ tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti padà sí jámáà. Igun ògiri ló ń dúró sí, ní òpin sààfù. A bá lèmọ́mù sọ̀rọ̀, wọ́n yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò ní apá ibẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún. Òun kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ìwé kan wá, èyí tó ya ìlú rẹ̀ sí, títì lórí títì, pẹ̀lú rúlà. A rí mọ́sálásí níbẹ̀. A bi í bóyá ilé kéú wà. Ó fi ìka hàn wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kejì. A bi í pé ta ni olùkọ́ ibẹ̀.

Ó wo ọwọ́ wa. Ó ní, "Ẹnìkan ni. Kì í lo pàṣán."