Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìwà Ọ̀làwọ́ Lásìkò Kérésì

Bí ọmọ kan bá délé onílé, tó kúnlẹ̀ kí àgbà, tó fọwọ́ méjèèjì gba ohun tí wọ́n fún un, tó sì dúpẹ́, àwọn tó rí i á ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Bí ọmọ mìíràn bá já nǹkan gbà láìdúpẹ́, òwe yìí kan náà ni wọn yóò pa. Òwe tó ń yin òbí ló tún ń bá òbí wí, torí ohun tí aráyé bá rí lára ẹni, ilé ló ti wá. Kò sí ẹni tí í dúró láàárín ọjà kó tó wé gèlè tàbí kó tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn. Ìyẹ̀wù lèèyàn ti ń múra, níbi tójú ayé kò tó, kó tó jáde sí gbangba. Mo fẹ́ ká fi òwe yìí wo ìdílé onígbàgbọ́ lásìkò Kérésì, nígbà tí tilé toko ń fúnni, tí wọ́n sì ń gbà.

Àwọn kan ti sọ òwe náà di àwáwí. Bí a bá ní kí wọ́n ran opó àdúgbò lọ́wọ́, wọn á ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tàwọn ọmọ mi ná. Wọn á tún fi kún un pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò bọ́ ará ilé rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ilé lọ̀rọ̀ parí sí, àwọn àgbà kì bá tí fi "ròde" sí i. Ẹ̀ṣọ́ tí a tì mọ́ inú àpótí, tí kò rójú ọjọ́ rí, kò bu ẹwà kún ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe kejì ló wọ́pọ̀ jù nígbà Kérésì, ìyẹn ni ká jáde láìmúra nílé. Àṣà tiwa dára púpọ̀. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ ọdún, ìrẹsì á ti jinná, ọbẹ̀ ata á máa ta sánsán. Ìyá á bu oúnjẹ sínú abọ́, á dé e, àwọn ọmọ á máa gbé e láti ilé dé ilé. Wọn kì í yọ ilé mùsùlùmí sílẹ̀, torí bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò ń ti ọ̀dọ̀ tiwọn náà wá. Àṣà yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹlẹ́sìn méjì máa gbé àdúgbò kan pẹ̀lú ìfẹ́ nílẹ̀ Yorùbá.

Ó wá yẹ ká wo inú ilé tí abọ́ yẹn ti jáde. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló jí kí àkùkọ tó kọ, òun ló tu ìyẹ́ adìyẹ, òun ló lọ ata. Nígbà tí wọ́n bu oúnjẹ fún gbogbo ilé àti gbogbo àdúgbò tán, ọrùn adìyẹ àti ìsàlẹ̀ ìkòkò tó ti jóná ló kàn án. Àwọn ọmọ ilé wọ aṣọ ọdún tuntun. Òun wọ èyí tí kò gba àkọ́bí mọ́. Ẹnikẹ́ni lè má sọ nǹkan kan, àmọ́ àwọn ọmọ rí i. Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ibi tí wọ́n bá ti máa yinni là ń lawọ́ sí. Ẹ̀ṣọ́ àyálò ni irú ọ̀làwọ́ bẹ́ẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, oní-nǹkan á gba nǹkan rẹ̀.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ àkọ́kọ́. Orí kẹfà ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ fún wa pé wọ́n ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́ ní Jerúsálẹ́mù, síbẹ̀ wọ́n ń fo àwọn opó tó jẹ́ Júù elédè Gíríìkì dá. Àwọn àpọ́sítélì kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí yóò bójú tó o, Sítéfánù sì lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ. Bí wọ́n ṣe tún ilé ṣe tán, orí kan náà sọ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì ń pọ̀ sí i. Ilé gún, òde gbà á. Sítéfánù yìí náà ni ìjọ Àgùdà àti ìjọ Áńgílíkà ń rántí ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésì gan-an.

Báwo wá ni ká ṣe múra ọmọ sílẹ̀? Ọmọ tó kàn ń gbé abọ́ kiri, ìránṣẹ́ ni, kò tíì fúnni. Kí ìyá pè é sílé ìdáná, kó bi í pé, "Ta la gbàgbé?" Ọmọ á ní, "Bàbá tó ń ṣọ́ géètì." Á tún ní, "Ìyá tí ọkọ rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá." Kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹran sínú abọ́ wọn. Ẹ má já itan adìyẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tipátipá láti fi tọrẹ, kó má bàa rò pé ìyà ni ìfúnni. Ẹ jẹ́ kó rí i pé bàbá ló kọ́kọ́ gé tirẹ̀ sí méjì. Bó bá ń lọ kí àwọn àgbà kú ọdún, ẹ bá a sọ ọ́ kó tó jáde pé èló ni yóò yọ fún ẹlòmíràn nínú owó tí wọ́n bá fún un, kó sì jẹ́ òun ni yóò fi lé onítọ̀hún lọ́wọ́. Bó bá sì fẹ́ fún ẹnì kan láṣọ, kó jẹ́ èyí tí òun náà ṣì lè wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ̀ pé ọjà wọ́n, ìkòkò sì ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ má tìtorí ojú ayé yáwó ṣọdún. Owó wẹ́wẹ́ méjì péré ni opó kan tí Jésù rí nínú tẹ́ńpìlì sọ sínú àpótí ọrẹ, síbẹ̀ Jésù ní tirẹ̀ ju ti gbogbo olówó lọ, torí kò ní òmíràn nílé. Ẹ sọ fáwọn ọmọ láìfi bò pé ti ọdún yìí kò pọ̀, àmọ́ a ó pín in. Ọmọ tó bá rí i tí òbí rẹ̀ pín díẹ̀ kò ní sọ pé ó dìgbà tóun bá lówó kóun tó lawọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí abọ́ kankan tó jáde nílé yín lọ́dún yìí, ẹni tó se oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, kí ẹ bù ú dáadáa, lójú àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá rán wọn lọ síta.