Ìwúre fún Omi Aswani

Ẹ̀yin ará Aswani, ẹ̀yin ọlọ́jà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí ẹ wí àṣẹ. Ọjà yín á tà, ẹ ò ní tà á nínú ẹrẹ̀. Òjò Ìsọlọ̀ á rọ̀, gọ́tà ò ní kún wọ ìsọ̀ yín.

Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, tí ohun ìjà bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn èèyàn ń sá kíjokíjo nínú òkùnkùn, ewé ti bo kánàà Òkè-Afá bí ẹni pé ilẹ̀ ni, ni wọ́n bá já sínú omi. Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn tó bómi lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Ewé ò ní bo omi tàn wá jẹ mọ́.

Síbẹ̀, ewé náà la tún ń bẹ̀ kó bá wa fọ omi mọ́. Kí a rí ẹni gbin koríko sórí pẹpẹ tó léfòó sí kánàà wa, kí gbòǹgbò rẹ̀ máa rọ̀ sínú omi. Kí okùn tó so ó má já, kó má di àlejò àìpè bí irú ewé tó bo kánàà Òkè-Afá, tó gba Àjàṣẹ́ wọ Àgbádárìgì ní 1984. Kí àwọn kòkòrò tí ojú ò rí lára gbòǹgbò sọ náítírójìn inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ di afẹ́fẹ́, kó fò lọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú wọn ò ní ìyẹ́ ní tiẹ̀: inú ewé ló ń sá sí, tàbí inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò gé ewé kó tó jẹrà sómi, kí ara rẹ̀ le, kí wọ́n sì tètè san owó rẹ̀. (Àdúrà yẹn gan-an ló gba àwẹ̀.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìrìn omi lábẹ́ irú pẹpẹ yìí, orí yín á pé. Ọ̀nà tó rọrùn lomi ń wá: bí gbòǹgbò bá dí, á yọ́ gba abẹ́ rẹ̀, á sì gbé ìdọ̀tí rẹ̀ jáde bó ṣe gbé e wọlé. Kí pẹpẹ yín dínà fún un, kó gba àárín gbòǹgbò, kó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbé ọ̀rá àti ike inú gọ́tà wa, ẹ ò ní gbàgbé àgbàrá oṣù kẹfà. Ohun tí ẹ ṣírò àti ohun tí ẹ bù wò létí kánàà á bára mu. Bí ò bá bára mu, ẹ ò ní tijú àtisọ ọ́ fún ẹni tó gbówó kalẹ̀.

Ojú oró ń lékè omi. Ẹ̀yin náà á lékè, omi tó mọ́ lẹ ó sì lékè rẹ̀. Àṣẹ.