Gbèsè Ẹni tí ó Pe Àfẹ́sọ́nà Wá láti Òkèèrè

Ní ayé àwọn baba wa, ibi tí ọkùnrin ti ń lọ fẹ́ aya kì í sábà jìnnà ju ìrìn ọjọ́ kan lọ. Nísinsìnyí, ọmọ wa tí ó wà ní Ìbàdàn lè máa bá ẹni tí ó wà ní Houston sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́, kí wọ́n máa rí ojú ara wọn nínú fóònù, kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì ti délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé méjèèjì tó gbọ́. Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa, pàápàá àwọn olùkọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀, ti bi wá léèrè pé: ọ̀nà wo ni ènìyàn lè gbà mú irú àfẹ́sọ́nà bẹ́ẹ̀ wá sí ilẹ̀ tí òun ń gbé láìséwu?

Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí pé ewu ti ara rẹ̀ ni ẹni tí ń bèèrè sábà máa ń rò: kí a má bàa lu òun ní jìbìtì, kí ẹni náà má bàa dé tán kí ó fi òun sílẹ̀. Ewu ti ẹni tí a ń pè bọ̀ ńkọ́? Èyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ti di ọmọ-ìlú níbẹ̀ nípa òfin, àti nítorí pé òfin ilẹ̀ náà lórí ọ̀ràn yìí ní ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo wa gbọ́.

A kò fi ojú kékeré wo ewu ti ẹni tí ń pe ni. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Federal Trade Commission kéde pé ní ọdún 2023 nìkan, owó tí àwọn ènìyàn wá fi sùn pé àwọn oníjìbìtì ìfẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ìtìjú ni ó jẹ́ fún wa láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, pé ọmọ wa wà nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí, àwọn tí a ń pè ní ọmọ Yahoo, tí wọ́n ń fi àwòrán ẹlòmíràn ṣe ojú ara wọn. Nítorí wọn ni ọmọbìnrin olóòótọ́ láti Abẹ́òkúta ṣe ń di ẹni tí a ń fura sí lójú ẹni tí ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ kí a gbà wá gbọ́ lókèèrè, àwa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ara wa hàn: orúkọ tí a ń jẹ́ ní tòótọ́, ibi iṣẹ́ wa, ìdílé wa, ẹni tí a ti fẹ́ rí, ọmọ tí a ti bí. Ní ti owó, ẹni tí a kò tíì rí lójúkojú kò ní ohun tí ó lè fi bèèrè rẹ̀, ìbáà ṣe owó físà tàbí owó ọkọ̀. Olóòótọ́ kò ní bínú pé a ní kí ó dúró títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá gba èyí. Kí ọmọ-ìlú tó lè kọ̀wé pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pẹ̀lú físà tí a ń pè ní K-1, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti rí ara wọn lójúkojú láàrin ọdún méjì tí ó ṣáájú ìwé náà, àfi bí àṣà ìbílẹ̀ wọn tàbí ìnira ńlá bá dènà rẹ̀. Àwọn kan a máa kùn sí òfin yìí nítorí owó ọkọ̀ òfurufú. Ní tiwa, a rò pé ohun tí ó bèèrè kéré jù. Ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ìmọ̀. Ẹni tí yóò pe ni ni kí ó rin ìrìn àjò ṣáájú. Kí ó lọ sí ibi tí a gbé bí ẹni náà, kí ó jókòó nínú ilé wọn, kí ó jẹ oúnjẹ wọn, kí ó gbọ́ bí àwọn aládùúgbò ti ń pe orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí alárinà ń ṣe nígbà àtijọ́ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní rò pé ońṣẹ́ lásán ni alárinà, ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ dídùn lọ tí ó sì ń gbé e bọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A fi í sílẹ̀ láti wádìí bóyá àrùn kan ń bẹ nínú ìran náà, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, bóyá ọkùnrin náà a máa na obìnrin. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Ṣùgbọ́n kò yẹ̀ba lọ síbi tí ó jìnnà. Bí ìjà bá dé, a mọ ilé rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì lè mú ẹni méjì pàdé ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò ní ilé tí a lè lọ bá a sí ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí apá kejì, èyí tí ó wúwo jù. Ní ọdún 1995, ní ìlú Seattle ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Philippines, nínú ilé ẹjọ́, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin méjì pẹ̀lú rẹ̀. Oyún ń bẹ nínú ìyàwó náà. Nípa ìwé kíkọ sí ara wọn láti òkèèrè ni wọ́n fi mọ ara wọn, àárín wọn kò sì gún pẹ́ lẹ́yìn tí ó dé. Ẹjọ́ tí ọkùnrin náà ń rò ni pé obìnrin náà tan òun jẹ, pé nítorí àtiwọ Amẹ́ríkà ni ó ṣe fẹ́ òun, kí ilé ẹjọ́ sọ ìgbéyàwó náà di asán.

Ní ọdún 2000, ní ìpínlẹ̀ Washington kan náà, a pa ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún kan, ọmọ ilẹ̀ Kyrgyzstan. Ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó ṣe alárinà ni ó so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin náà ti gba irú ọ̀nà yìí fẹ́ aya kan ṣáájú rẹ̀, aya náà sì ti gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún ọmọ Kyrgyzstan náà. Ìwé àṣẹ náà wà nínú àpótí ìwé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Òun sì wà ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní òdì kejì ayé, ó ń wo àwòrán ọkùnrin tí ó wọ aṣọ tí ó dára. Ní ọdún 2002 ni ilé ẹjọ́ dá ọkọ náà lẹ́bi ìpànìyàn.

Ikú àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó bí òfin. Ìpínlẹ̀ Washington ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2002. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ti Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní ìparí ọdún 2005, Ààrẹ George W. Bush sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2006. IMBRA ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Nípa òfin yìí, ẹni tí ó bá ń pe àfẹ́sọ́nà wá gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ bí ilé ẹjọ́ bá ti dá a lẹ́bi rí lórí ìwà ipá nínú ilé, ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀ àti irú wọn, a ó sì sọ ọ́ fún ẹni tí a ń pè. Ilé-iṣẹ́ alárinà kò gbọdọ̀ fi àdírẹ́sì obìnrin òkèèrè fún oníbàárà títí wọn yóò fi wádìí oníbàárà náà, tí wọn yóò fi àbọ̀ ìwádìí han obìnrin náà ní èdè tirẹ̀, tí òun náà yóò sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé àwọn tí wọ́n bá pàdé lórí Facebook kò ní ilé-iṣẹ́ alárinà kankan tí yóò wádìí fún wọn. Ohun tí a bá sọ fún wọn ní ẹ́ńbásì nìkan ni wọn yóò gbọ́, nígbà tí wọ́n ti ra aṣọ ìgbéyàwó tán.

Èéṣe tí a fi sọ pé apá yìí ni ó wúwo jù? Nítorí pé agbára kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá fi físà K-1 wọ Amẹ́ríkà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti fẹ́ ẹni tí ó pè é. Kò lè torí físà náà fẹ́ ẹlòmíràn kí ó sì gba ìwé ìgbélùú nípa ti ẹlòmíràn náà. Bí ọjọ́ bá pé tí kò sí ìgbéyàwó, kí ó padà sílé ni. Kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ owó títí ìjọba yóò fi fún un ní ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó pàápàá, ìwé ìgbélùú tí a kọ́kọ́ ń fún un kò ju ti ọdún méjì lọ, àwọn méjèèjì ni ó sì yẹ kí ó jọ kọ̀wé kí a tó sọ ọ́ di èyí tí kò ní gbèdéke. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ nínú ilé. Bí ìjà bá dé, ìbáà kéré bí ìjà iyọ̀ ọbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn lè sọ pé: èmi ni mo mú ọ wá, èmi ni n ó dá ọ padà. Irọ́ ni lójú òfin, nítorí pé láti ọdún 1994 ni àyè ti wà fún ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ-ìlú bá ń hùwà ìkà sí, láti kọ̀wé sí ìjọba fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé oníwà ìkà náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un, bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọkọ nìkan ni ó ti ń gbọ́ òfin?

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé owó ni àwọn ná, owó púpọ̀. Nínú àṣà wa, nígbà ìdána, ìdílé ìyàwó a sábà máa dá owó orí padà, wọn a ní àwọn kò ta ọmọ. Ẹni tí ó san owó físà san owó iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ òfurufú san owó ìjókòó. Kò tíì san owó ènìyàn.

A kò sẹ́ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìgbéyàwó ṣe àkàbà, tí wọ́n bá gùn ún dókè tán kí wọ́n tì í ṣubú. Ìwà búburú ni, òfin sì ń fìyà jẹ irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìpàdánù méjèèjì ka orí òṣùwọ̀n. Ẹni tí a tàn jẹ pàdánù owó àti ọdún, ojú sì tì í. Síbẹ̀ ó wà nílé ara rẹ̀, nínú èdè ara rẹ̀, láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọkùnrin Seattle nì sọ pé a tan òun jẹ. Ká tilẹ̀ gbà pé òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀: ilé ẹjọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, adájọ́ wà níbẹ̀ fún un, ìbọn ni ó sì mú wá.

Àwọn òǹkàwé wa mọ ìtàn bí a ti fẹ́ Rèbékà fún Ísáákì tí kò rí i rí. Ìránṣẹ́ Ábúráhámù ti mú ràkúnmí mẹ́wàá àti ohun ọ̀ṣọ́ wá, àwọn ará ilé sì ti gbà; síbẹ̀ wọ́n pe ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ láti bi í bóyá yóò lọ. Ṣáájú èyí pàápàá, nígbà tí ìránṣẹ́ náà bèèrè ohun tí òun yóò ṣe bí obìnrin náà bá kọ̀, ọ̀gá rẹ̀ sọ pé ìbúra náà kò ní de òun mọ́. Ohun kan sì tún wà tí a sábà máa ń fò kọjá bí a bá ń ka ìtàn náà: Rèbékà kò dá lọ. Olùtọ́jú rẹ̀ bá a lọ, àti àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀.

Ta ni yóò bá ọmọ wa lọ? Ẹ́ńbásì kì í fún olùtọ́jú ní físà. Nítorí náà ẹni tí ń pe ni ni ó gbọ́dọ̀ pèsè ohun tí yóò dípò olùtọ́jú náà, kí ẹni tí a ń pè tó wọ ọkọ̀. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a fi pamọ́ sínú àpótí tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí ó ní fóònù tirẹ̀. Kí owó ìpadàbọ̀ wà ní báńkì ní orúkọ rẹ̀, nítorí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun lè lọ nìkan ni a lè sọ pé ó dúró nítorí ìfẹ́. Kí a fún un ní orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní ìlú náà tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó pè é. Àwọn àlùfáà wa tilẹ̀ lè ṣe é: ìwé kan ṣoṣo sí àlùfáà ìlú tí ọmọ wa ń lọ, pé ọmọ wa ń bọ̀, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀ ní ọjọọjọ́ ìsinmi.

Kí a má sì gbọ́kàn lé ìkéde ìgbéyàwó ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta. Ìjọ tí kò rí ènìyàn rí kò lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Àní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹta ọdún 2015, ọ̀pọ̀ àlejò láti òkèèrè kò lè torí ìkéde yìí ṣe ìgbéyàwó ní Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, kí wọ́n sì dúró fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ó kéré tán. Ní ti Amẹ́ríkà, òfin físà a máa yí padà, nígbà mìíràn láàrin oṣù díẹ̀, kì í sì í rí bákan náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Kí ẹni tí ọ̀ràn kàn ka ohun tí ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ, kí ó má gbọ́ ti àwọn tí ń tà físà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ìwé kan kù. Nígbà tí ìgbéyàwó bá ṣe tán tí a sì ń wá ìwé ìgbélùú, ìjọba Amẹ́ríkà a mú kí ẹni tí ó pe ni fọwọ́ sí ìwé tí a ń pè ní I-864. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní jẹ́ kí ẹni náà ṣubú sínú òṣì, ìjọba sì ti fi iye owó sí i. Ẹ̀jẹ́ náà ń dè é títí ẹni náà yóò fi di ọmọ-ìlú, tàbí tí a ó fi ka iṣẹ́ bí ọdún mẹ́wàá sí i lọ́rùn, tàbí tí yóò fi kó kúrò ní ilẹ̀ náà pátápátá, tàbí tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kú. Ìkọ̀sílẹ̀ kò sí nínú ohun tí ń pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ sí i láìkà á. Àwa ìbá fẹ́ kí ẹni tí ń pe ni wá ìwé náà rí kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó kà á sókè létí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ ìbéèrè tí yóò bi í.