Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Wọ Ọgbà Ọba?



Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ rò papọ̀. Bí ohun rere kan bá wà ní ìkáwọ́ wa, ta ni ó yẹ kí a ṣílẹ̀kùn fún, ta sì ni ó yẹ kí a dá padà lẹ́nu ọ̀nà? Ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú kíláàsì ni ìbéèrè yìí ti bá mi. Inú ọgbà ọba ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni, nínú òtútù.

Ní ìparí ọdún 2017, ọmọ mi obìnrin bímọ níbẹ̀, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ẹni tí kò bá tíì rí ìgbà òtútù ìlú òyìnbó kò lè mọ bí ọjọ́ ṣe ń kúrú tó. Nínú oṣù Kejìlá, ó ń tó nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó yọ, kò sì ní í tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí yóò ti wọ̀. Nígbà tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wo ògiri, ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jáde. Bí ẹ bá ní kí òtútù lọ tán kí ẹ tó jáde, inú ilé lẹ ó wà títí di oṣù Kẹta." Mo wọ súwẹ́tà méjì, mo we gèlè lé fìlà lórí, a gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di Hyde Park.

Láti ibẹ̀ ni a ti rìn wọ ọgbà tí wọ́n ń pè ní Kensington Gardens, níbi tí ààfin tí wọ́n bí Ọbabìnrin Victoria sí ní ọdún 1819 ṣì dúró sí. Àwọn igi ti wọ́wé tán, wọ́n dúró níhòòhò. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ń lúwẹ̀ẹ́ lórí omi tútù, èéfín sì ń jáde lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí, kò sì sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ tí òjò kò bá rọ̀ ni a ń lọ.

Olùkọ́ kò lè ṣe kó má wádìí. Mo yá ìwé ní ilé ìkàwé àdúgbò wọn, mo sì rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ti rí látilẹ̀. Ní ọdún 1536 ni Ọba Henry Kẹjọ gba ilẹ̀ Hyde Park lọ́wọ́ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Westminster, kí ó lè máa dọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Ó di ọdún 1637 kí Ọba Charles Kìíní tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1728, Olorì Caroline, aya Ọba George Kejì, gé nínú ilẹ̀ náà mọ́ ọgbà ààfin Kensington. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣí ọgbà yìí ní ọjọ́ Sátidé, bí àwọn ará ààfin kò bá sí nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ aṣọ tó yẹ nìkan ló lè wọlé. Sójà, atukọ̀ ojú omi, àti ìránṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Wọ́n tún sọ ìtàn kan nípa olorì yìí kan náà. Ó fẹ́ sọ St James's Park di ọgbà tirẹ̀ nìkan, ó sì bi Robert Walpole, olórí àwọn mínísítà, pé èló ni yóò ná òun. Owó fàdákà kan wà nígbà náà tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí adé. Walpole dáhùn pé adé mẹ́ta péré ni. Ẹ ti mọ ohun tó ń sọ: adé England, adé Scotland àti adé Ireland! Ẹ sì wò ó, ilé ìwòsàn àwọn obìnrin adẹ́tẹ̀ ló wà níbi tí wọ́n kọ́ ààfin St James sí. Orúkọ ilé ìwòsàn náà ni ọgbà yẹn ń jẹ́ títí di òní. Àwọn tí gbogbo ayé ń tìlẹ̀kùn mọ́ ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti ń jáde ní Kensington, ọkùnrin kan dúró tì géètì láti tì í, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni wọ́n ń ti ọgbà náà. Ó rí kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó dúró dè wá. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fò lọ sí ọdún 1986. Èmi náà ti dúró lẹ́nu géètì rí. Ọmọbìnrin kan dé sí ilé ẹ̀kọ́ wa láàárọ̀, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ya léjìká, kò sì ní bàtà. Mo ní kí ó padà sílé títí ìyá rẹ̀ yóò fi rán òmíràn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà," ó sì yí padà. N kò rí i mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa ni.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Tíṣà, òfin ni ẹ tẹ̀ lé. Ibi tí kò sí òfin, ìdàrúdàpọ̀ ni." Òótọ́ ni. Ọgbà ọba náà lófin títí di òní, bẹ́ẹ̀ sì ni yunifọ́ọ̀mù ní ìdí tirẹ̀: kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lè rí bákan náà. Ṣùgbọ́n òfin méjì ló wà. Ọ̀kan ń béèrè pé, "Kí lo ń ṣe?" Èkejì ń béèrè pé, "Kí lo ní?" Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, géètì Kensington ń tì mọ́ olówó, ó ń tì mọ́ tálákà. Òfin aṣọ ti àtijọ́ kò tì mọ́ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹni tí kò ní. Nígbà tí mo fi yunifọ́ọ̀mù lé ọmọ tálákà dànù, mo ti sọ òfin tó yẹ kó dáàbò bò ó di òkúta tí mo sọ lù ú. Bí aṣọ́nà ayé ọjọ́un bá wá sí ọgbà náà nínú òtútù, ṣé yóò lé àwọn igi jáde nítorí pé wọn kò wọ nǹkan kan?

Àwọn baba wa mọ èyí. Ní Àkúrẹ́ àti ní Adó-Èkìtì, Ọjà Ọba kò jìnnà sí ààfin, a kì í sì í yẹ aṣọ ẹnikẹ́ni wò kí ó tó wọ ọjà. Àwa náà tí a ń tọ́ka sí ọba òyìnbó lónìí, ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Mélòó nínú wa ni kò lọ sí ìkómọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí pé kò rí owó aṣọ ẹbí san? Mélòó nínú wa ló sì jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń pín oúnjẹ, tí a wo aṣọ ọrùn ènìyàn kí a tó wo ojú rẹ̀?

Ìdáhùn mi rèé. Ẹ jẹ́ kí a pa òfin mọ́, ṣùgbọ́n kí a máa bi ara wa léèrè ẹni tó ń dá padà. Bí ó bá jẹ́ oníwà búburú, ó dára. Bí ó bá jẹ́ aláìní, àwa la jẹ̀bi.

Ọmọbìnrin yẹn yóò ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún báyìí. Bí ó bá wà láàárín ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí.