Kò Sí Àbùjá Lọ́rùn Ọ̀pẹ



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí lè ya àwọn àgbà kan lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ géèmù ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, lórí tẹlifíṣàn àti lórí fóònù, láti Ìjànìkin títí dé Ìbá àti Òkokomáikò. Ọjà Alábà tí ó wà ní Ọ̀jọ́ níbí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà ti ń wọ ilé wa. Ẹlòmíràn yóò bi wá pé, kí ni ó kan ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí nínú eré? Ìdáhùn wa kò gùn. Ibi tí ọ̀dọ́ bá ti ń lo wákàtí mẹ́ta mẹ́rin lóòjọ́, kì í ṣe ibi tí a lè gbójú kúrò. Ìbéèrè kan sì wà nínú eré náà tí ó ju eré lọ: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn máa wá ọ̀nà tí ó yá, tí kò sì náni lówó, láti fi dé ipò gíga?

Kí ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ lè bá wa rìn, ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé díẹ̀. Ní ọdún 1974, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú pépà, pẹ́ńsùlù àti dáìsì. Eré yìí ni ó fi àṣà kan lélẹ̀: akọni tí ènìyàn ń darí a máa gba máàkì ìrírí fún ohun tí ó bá ṣe, bí máàkì náà bá pé iye kan, akọni a gun ìpele tuntun, agbára rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gbòde, àṣà náà bá a wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn géèmù tí ó lókìkí jùlọ ní irú èyí ni Diablo, tí ilé iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà ṣe. Ẹ̀kejì rẹ̀, Diablo II, jáde ní ọdún 2000, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Orúkọ Ṣàyítánì ní èdè Sípéènì ni Diablo, òun sì ni ọ̀tá tí akọni ń lépa láti pa. A mọ̀ pé àwọn kan láàárín wa gbà pé kò yẹ kí Mùsùlùmí fọwọ́ kan eré tí idán àti iwin kún inú rẹ̀. A kò bá wọn jiyàn níhìn-ín. Ìwà ẹni tí ń gbá géèmù náà ni à ń wò.

Ìpele 99 ni òpin àkàsọ̀ inú Diablo II. Kí akọni tó débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kó máàkì ìrírí tí ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ jọ. Bí ó bá kú ní apá tí ó le jùlọ, yóò pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì tí ìpele tí ó wà ń béèrè. Ẹ ò rí i pé kò yani lẹ́nu bí àwọn ènìyàn bá ń wá àbùjá. Ṣùgbọ́n oríṣi àbùjá méjì ni ó wà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Àbùjá kìn-ín-ní ni ti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹni tí kò ní dúkìá nínú géèmù a kọ́kọ́ yan akọni tí agbára rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀, bí obìnrin onídán tí ń jẹ́ Sorceress, tí iná àti yìnyín rẹ̀ kò sinmi lé idà olówó iyebíye. Bí ó bá dé ìpele 17, kò ní torí ẹ̀wù ìgúnwà pa ara rẹ̀. Yóò wá ẹ̀wù lásán tí ó ní ihò méjì, yóò sì to òkúta kéékèèké méjì tí ń jẹ́ Tal àti Eth sínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ẹ̀wù náà yóò sì mú ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ yá. Lẹ́yìn náà, yóò yan ibi tí àwọn ọ̀tá ti pọ̀ tí ọ̀nà kò sì jìn, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀.

Ẹni tí ó ń dá gbá tún lè sọ fún géèmù pé kí ó ṣe bí ẹni pé ènìyàn mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Máàkì ìrírí tí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan ń mú wá yóò di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ fi etí sí èyí dáadáa: ẹ̀mí ọ̀tá náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ bákan náà. Bí èrè ti ń pọ̀ ni ẹrù ń wúwo. Ẹni tí kò bá tó o gbé, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. A kò rí ohun tí ó burú nínú irú àbùjá yìí. Ọgbọ́n ni. Ẹni tí ó gbá a yára gòkè nítorí pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe, bí àgbẹ̀ tí ó mọ ilẹ̀ tí iṣu ń fẹ́.

Àbùjá kejì ni ti ẹni tí a pọ̀n. Alágbára kan a mú akọni tí kò tíì lágbára dání, a la gbogbo ọ̀nà kọjá fún un, a sì mú un dé gbọ̀ngàn ibi tí ogun ti gbóná jùlọ. Alágbára ni yóò jà. Ẹni tí a pọ̀n yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí pé òfin géèmù ni pé kí àwọn tí ó wà ní ẹgbẹ́ kan náà, tí wọn kò sì jìnnà síra wọn, pín máàkì ìrírí, ìpele rẹ̀ yóò máa gòkè bí ó ti dúró tí ó ń wòran. Àwọn kan ń ṣe èyí fún ọ̀rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń gba owó. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn a gbé orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn fún ẹlòmíràn, wọn a sì sùn lọ.

Kí ni ẹni tí a pọ̀n rí gbà? Nọ́ńbà. Ìpele rẹ̀ kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nígbà tí ọ̀tá bá yí i ká. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ ni ìpele. Àkísà ni gbogbo ìjà tí a jà kí a tó mọ ìjà.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Owó mi ni, géèmù mi ni, ta ni mo ṣẹ̀?" Ìbéèrè tí ó dára ni, kò sì yẹ kí á fi ariwo dáhùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń gbá a nínú yàrá rẹ̀, a gbà pé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó kàn dà bí ẹni tí ó sanwó fún ẹlòmíràn pé kí ó bá òun jẹ àmàlà òun ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn mìíràn, ọ̀rọ̀ yí padà. Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ti di ẹ̀rí. Ó ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tí ó ti la èyí já ni mí, ẹ lè fi ẹ̀yìn tì mí." Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n fi ẹ̀yìn tì í, ẹ̀yìn kò sì rí nǹkan tì. Ẹ̀rí èké kì í ṣe ti ẹnu nìkan.

Orílẹ̀-èdè kan tilẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní Gúúsù Kòríà, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2019 tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fi gbígbé ìpele gòkè fún ẹlòmíràn ṣòwò. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù ogún owó won wọn. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ka géèmù sí ìdíje gidi ni wọ́n, wọ́n sì rí i pé ipò tí a rà ń ba ipò tí a ṣiṣẹ́ fún jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó pọ́ọ́kú tún kù. Nígbà tí a bá sọ pé ohun kan kò wọ́n, ó yẹ kí á béèrè pé ta ni kò wọ́n fún. Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn The Guardian ti Ìlú Ọba gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan jáde tí ó ti wà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan ní Jixi, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ní ọdún 2004. Ó ní iṣẹ́ agbára ni àwọn ń ṣe lójú ọ̀sán. Bí alẹ́ bá lẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ a fi tipátipá mú àwọn ẹlẹ́wọ̀n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti máa kó wúrà inú géèmù jọ, kí wọ́n lè rí i tà. Ẹni tí kò bá kó iye tí wọ́n bù fún un pé, lílù ni. Àwọn tí ó ń ra irú wúrà bẹ́ẹ̀ kò rí ẹlẹ́wọ̀n. Ohun tí wọ́n rí ni ọjà tí kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, kì í sì í ṣe fún géèmù nìkan.

Àwọn tí ó ṣe Diablo fúnra wọn ti kọ́gbọ́n lọ́nà mìíràn. Nígbà tí Diablo III jáde ní 2012, wọ́n ṣí ọjà kan sínú rẹ̀ níbi tí ènìyàn ti lè fi owó gidi ra ohun ìjà. Ní oṣù kẹta ọdún 2014 wọ́n ti ọjà náà pa. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ó ń ba ọkàn eré náà jẹ́: ẹni tí ó lè rà kò ní ìdí láti jà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Èwo ni nínú gbogbo èyí tí a kò mọ̀ ní orúkọ mìíràn? Ẹni tí ó wọlé ìdánwò WAEC tàbí JAMB ní orúkọ ẹlòmíràn, "mẹ́síńárì" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Alágbára tí ń jà ni, ẹni tí a pọ̀n sì wà lẹ́nu ọ̀nà.  Òfin 20 ti ọdún 1984, tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Òfin mìíràn tí ó fúyẹ́ jù ú lọ tẹ̀lé e ní 1999. Síbẹ̀ òfin nìkan kò tán àrùn náà. Ìjànìkin yìí ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wà, èyí tí ó di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ kan, níbikíbi tí ó bá ti kàwé, tí ó jẹ́ pé pípọ̀n ni wọ́n pọ̀n ọ́n jáde. Kì í ṣe òun ni yóò san owó àbùjá náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni yóò san án.

Ǹjẹ́ à ń sọ pé kí àgbà má ran ọmọdé lọ́wọ́? Rárá o. Ẹ wo àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Alábà, pàápàá láàárín àwọn Ìgbò. Ọmọ a lo bí ọdún márùn-ún sí méje lábẹ́ ọ̀gá, lẹ́yìn náà ọ̀gá a fún un ní owó tàbí ọjà kí ó lè dá dúró. Ìrànlọ́wọ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó dé ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ti mọ ọjà. Nínú géèmù pẹ̀lú, alágbára tí ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, tí ó fi í sí ojú ìjà, tí ó ń sọ fún un pé "sá fún èyí, kọ́kọ́ pa tọ̀hún," olùkọ́ ni. Ẹni tí ó ní kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, alárù ni.

A kò sì sọ pé ìjáfara ni ìwà rere. Ẹni tí ó fi òru mọ́jú nídìí géèmù tí Súbúhì fi kọjá lórí rẹ̀, tí ó wá ń yangàn pé òun kò gba àbùjá, kò ṣe ohun ìwúrí. Nígbà tí Ọlọ́run fi àkókò búra nínú Súrà Al-Asr, kì í ṣe ohun ṣeréṣeré ni Ó fi búra. Ẹni tí ó fi ọgbọ́n rí ọ̀nà tí ó yá, tí ó sì dìde lọ ṣe nǹkan mìíràn, ó sàn jù ú lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí olúkúlùkù wa máa bi ara rẹ̀ nígbà tí àbùjá bá ṣí níwájú rẹ̀, ìbáà ṣe nínú géèmù, nínú ìdánwò tàbí nídìí iṣẹ́:

1. Ta ni ó ṣe iṣẹ́ náà gan-an, ǹjẹ́ ó sì fẹ́ láti ṣe é?

2. Ta ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé ipò tí mo fẹ́ gbà yìí?

3. Bí ẹni tí ó pọ̀n mí bá lọ lọ́la, kí ni ọwọ́ mi lè ṣe?

Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò tì í lójú, kí ó máa lọ, kí ó sì yára. Ẹni tí ó bá tì lójú, kí ó rántí pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ: ibi tí a gbà gùn ún náà ni a ó gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí a fà sókè tí kò mọ bí a ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ, báwo ni yóò ṣe sọ̀?

Kí Ọlọ́run fún wa ní ipò tí apá wa ká, kí Ó sì fún wa ní apá tí ó ká ipò. Àmín.