Ta Ni Olùkọ́ Jẹ Ní Gbèsè?

Ìbéèrè kan ò jẹ́ n sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Bí olùkọ́ bá sọ òdodo, tí wọ́n sì tìtorí ẹ̀ fayé ni ín lára títí tó fi kúrò nílùú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi sílẹ̀ ńkọ́?

Mstislav Rostropovich ni mo ń rò. Ọmọ Rọ́ṣíà ni, ìlú Baku ni wọ́n ti bí i ní 1927. Sẹ́lò ló ń ta, ohun èlò olókùn tó jọ gòjé, àmọ́ tó tóbi débi pé èèyàn á jókòó, á gbé e sáàárín orúnkún. Nígbà tí Shostakovich kọ orin sẹ́lò kan fún un ní 1959, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi kọ́ ọ sórí. Èmi tí n ò tíì lè ki oríkì ilé bàbá mi tán láìwòwé!

Ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá ti Moscow ló ti ń kọ́ni. Láti Ìlú Ọba ni Jacqueline du Pré ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1966. Ṣùgbọ́n ó gba òǹkọ̀wé Solzhenitsyn, ẹni tíjọba ò fẹ́ rí sójú, sínú ilé rẹ̀. Ní 1970 ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn mẹ́rin láti gbèjà ọkùnrin náà. Kò sí èyí tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n wá ń fagi lé òde eré rẹ̀. Ní 1974 ó kúrò nílùú, ní 1978 wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà mọ́.

Gbogbo ayé ń yìn ín. Èmi náà yìn ín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yà sí kíláàsì rẹ̀ ná. Ohun tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ ò sí nínú ìwé téèyàn lè lọ ṣe fọ́tòkópì. Ọwọ́ ló ń tún ṣe, etí ló ń là. Àwọn ọmọ yẹn ò kọ lẹ́tà kankan, síbẹ̀ wọ́n bá a san nínú ìtanràn ẹ̀.

Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní, "Tó bá dákẹ́, kí ló kù tó fẹ́ kọ́ wọn?" Mo ní sẹ́lò ni! Ṣé ìka tó ń tẹ okùn mọ̀ bóyá ọ̀gá ẹ̀ dákẹ́ ni?

Lẹ́yìn náà ni mo rántí 1948. Ọdún yẹn ni wọ́n yọ Shostakovich, tó ń kọ́ Rostropovich fúnra rẹ̀, níṣẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ọmọ nǹkan bí ogún ọdún ni Rostropovich nígbà yẹn, bíi tiwa. Ó mọ bó ṣe máa ń dun akẹ́kọ̀ọ́. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì tún kọ lẹ́tà náà.

Ní 1990 wọ́n dá a padà sípò ọmọ onílẹ̀. Àwọn tó fi sílẹ̀ ní kíláàsì ní 1974 ti dàgbà.