Òṣùwọ̀n Àlejò: Ìwà Ọmọlúàbí Nídìí Oúnjẹ Títà

Ohun méjì ni ilé oúnjẹ ń tà pọ̀: oúnjẹ tó wà nínú abọ́, àti ìwà ẹni tó gbé abọ́ náà wá. Oúnjẹ ní iye tí wọ́n ń tà á. Ìwà kò ní iye, àmọ́ òun ni ẹni tó jẹun tán máa ń gbé délé. Bó ṣe rí nìyẹn ní ilé oúnjẹ Faransé tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní bùkà onípáànù létí títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ní Fìdítì àti Ìlọrà, níbi tí awakọ̀ ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Ẹ̀sùn kan náà ni àwọn èèyàn ń fi kan ibi méjèèjì: lónìí wọ́n ṣe oníbàárà bí ọba, lọ́la wọ́n ṣe é bí ẹni tó wá tọrọ jẹ. Ìṣe tí kò dúró sójú kan yìí kọjá ọ̀rọ̀ owó, torí pé ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti ń dá ọmọlúàbí mọ̀.

Ní bùkà, kò sí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ àti iye rẹ̀ sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Àmàlà èló?" Oníbàárà á dárúkọ owó, ìyá olóúnjẹ á ki ìgbakọ bọ inú ìkòkò, á bù ú, á yí i, á sọ ọ́ sínú abọ́. Gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata ló kàn, tí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀ tó di àbùlà. Ẹran ló kẹ́yìn, oníbàárà á sì nàka sí èyí tó wù ú: ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, pọ̀nmọ́, tàbí ẹran ìgbẹ́ bí ọdẹ bá rí pa. Nínú gbogbo èyí, ọwọ́ ìyá olóúnjẹ ni òṣùwọ̀n. Bí ìgbakọ bá kún tàbí bí kò kún, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló mọ̀. Èrò tí ebi ń pa, tí awakọ̀ sì ti ń fun fèrè lé e lórí, kò ráyè jiyàn.

Èènì tún wà níbẹ̀. Èènì ni ohun tí olùtajà fi lé ohun tí owó rà láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀: ọbẹ̀ díẹ̀ sí i, eegun kan tí mùdùnmúdùn wà nínú rẹ̀, ọsàn kan lórí mẹ́wàá. Olùtajà fi ń sọ fún oníbàárà pé òun mọ rírì rẹ̀. Awakọ̀ tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá kan láti ìgbà tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ yóò rí èènì tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀ kò ní rí, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bá ìyá náà jà sí i. Inú ẹni dídùn ló ń mú èènì wá, a kì í sì í fi òfin ṣe é. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tí èènì náà ti wá. Bí ìyá bá bu òṣùwọ̀n tó kún fún àlejò, tó wá bu èyí tó wù ú lé ti oníbàárà rẹ̀, ọ̀làwọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé inú abọ́ àlejò ló ti yọ èènì oníbàárà, ojúsàájú ni, olè jíjà sì ni pẹ̀lú, torí pé iye kan náà ni àwọn méjèèjì san.

Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ní 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, ka àwọn ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí: ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, ìwà, akínkanjú, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé. Gbogbo wọn ló kan ìdí oúnjẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló ń ṣáájú, torí pé kí oúnjẹ tó débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti débẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ jókòó, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín" kò ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Owó wà nínú àpò oníbàárà bí obì ti wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kí dáadáa lè ní sùúrù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí agbáwo kọjá lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìwò ó yóò ti bínú kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé.

Ipò àlejò nídìí oúnjẹ ga nínú àṣà yìí ju bí a ti máa ń rò lọ. Ẹni tó ń jẹun kì í rí ẹni tó ń kọjá kó má pè é. "Ẹ wá jẹun," ni yóò wí. Ẹni tí wọ́n pè á dáhùn pé, "Á gba ibi ire," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí àlejò tí kò san kọ́bọ̀ bá lẹ́tọ̀ọ́ sí ìpè yìí, a jẹ́ pé èyí tó sanwó lẹ́tọ̀ọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń dunni nígbà tí ọlọ́kọ̀ jíìpù bá sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sáré nu tábìlì fún un, nígbà tí àgbẹ̀ tó wọ aṣọ oko, tó ti débẹ̀ ṣáájú, ṣì ń nawọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣu àgbẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe èlùbọ́ tó wà nínú ìkòkò.

Èso ni a fi mọ Fìdítì jù. Èrò tó bá gba títì náà nígbà ọsàn ti mọ ibi tí wọ́n ti ń kó ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ jọ bí òkìtì. Ìdánwò olùtajà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti olóúnjẹ. Ọkọ̀ kì í dúró pẹ́, ọ̀pọ̀ èrò kò sì ní padà wá mọ́, nítorí náà ó rọrùn láti to èyí tó pọ́n sókè kí a sì fi èyí tó ti ń rà sísàlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ti Ìlọrin padà wá torí ọsàn méjì. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ṣì ń sọ nípa ayé kan tí olóko máa ń kó ọjà sẹ́bàá ọ̀nà, tí yóò to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ láti fi iye owó hàn, tí yóò sì wọ oko lọ. Ẹni tó ń kọjá á mú ọjà, á fi owó síbẹ̀. Olóko kò sí níbẹ̀ láti máa ṣọ́ oníbàárà, oníbàárà náà kò sì rí olóko tí yóò fi ojú ìwòsí wò ó, síbẹ̀ ọjà ń lọ, owó ń wọlé. Òdìkejì àṣà yẹn ni ohun tí Yorùbá ń pè ní arojúṣe: iṣẹ́ tí a ń ṣe nítorí pé ẹnì kan ń wò.

Arojúṣe ni àrùn tó ń ṣe àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá tó ní ẹ̀ka púpọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ wọn dọ́gba kò kéré. Faransé kan, Auguste Escoffier, tó di olórí àwọn alásè ní hótẹ́ẹ̀lì Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1890, pín ilé ìdáná sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: ẹni tó ń se ọbẹ̀ kì í bá wọn sun ẹran, ẹni tó ń sun ẹran kì í bá wọn ṣe oúnjẹ dídùn àjẹkẹ́yìn, olúkúlùkù sì mọ ọ̀gá tó ń jíhìn fún. Ní 1903 ló tẹ ìwé ńlá kan jáde, *Le Guide Culinaire*, tó kọ bí wọ́n ṣe ń se ẹgbẹẹgbẹ̀rún oúnjẹ sí. Látorí irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ti ṣeé ṣe láti ṣí ilé oúnjẹ kan náà sí ogún ìlú. Ní Bìrìtéènì, Café Rouge bẹ̀rẹ̀ ní 1989, Côte sì bẹ̀rẹ̀ ní Wimbledon ní 2007, àwọn méjèèjì sì ti ta oúnjẹ Faransé ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986, Tantalizers tẹ̀ lé e ní 1997, Chicken Republic sì dé ní 2004. Ẹni tó ra míìtìpáì ní Èkó lè retí pé irú rẹ̀ ni òun yóò rà ní Ìbàdàn.

Ìwé lè sọ iye gíráàmù ẹran tó yẹ kó wà nínú abọ́. Kò lè bu ọ̀yàyà sínú agbáwo. Nínú irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ agbáwo kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá owó ilé ìwé. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ. Nígbà tí ọ̀gá bá wà nítòsí, tí èrò kò sì pọ̀, gbogbo nǹkan a máa lọ déédéé. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí tábìlì kún, tí ọ̀gá sì ti lọ, ọbẹ̀ á tutù kó tó dé, ẹni tó béèrè omi á béèrè tì, ìwé owó á sì yá ju oúnjẹ lọ. Ẹni tó jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti ẹni tó jẹun lọ́jọ́ Ẹtì á máa bá ara wọn jiyàn bíi pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Owó tí oníbàárà ń fún agbáwo tún da ọ̀rọ̀ náà rú. Ní Fìdítì, olùtajà ló ń fún oníbàárà ní ẹ̀bùn, èènì ni. Nílẹ̀ òkèèrè, oníbàárà ló ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì ń pè é ní *tip*. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe é. Ní Faransé, owó iṣẹ́ agbáwo ti gbọ́dọ̀ wà nínú iye tí wọ́n kọ síwájú oúnjẹ, òfin sì ti fìdí èyí múlẹ̀ láti 1987. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó oúnjẹ, oníbàárà sì lè sọ pé òun kò san án. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá 2024 sọ pé gbogbo owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ti Amẹ́ríkà ló le jù. Owó tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n san fún agbáwo tó ń gba *tip* jẹ́ dọ́là 2.13 fún wákàtí kan, kò sì yí padà láti 1991. Ẹni tí wọ́n ń san irú owó yẹn fún kò lè ṣàìmáa wo aṣọ oníbàárà kó tó rẹ́rìn-ín sí i. Ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní ojúsàájú, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì yẹ kó dá lé e lórí nìkan.

Oníbàárà náà ní ìwà tirẹ̀ láti wọ̀n. Ní bùkà àtijọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n ń sanwó: ẹni tó jẹun á dìde, á sọ fún ìyá pé àmàlà èló lòun jẹ àti ẹran mélòó, ìyá á sì gba ohun tó sọ gbọ́. Bí ọ̀pọ̀ bùkà ṣe ń gba owó ṣáájú lónìí, àwọn tó jẹ ẹran mẹ́ta tó sì san owó méjì ló fà á, àtàwọn tó bá ọkọ̀ sá lọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn mìíràn sanwó pé, àmọ́ wọ́n ń pa àtẹ́wọ́ pe ìyá tó tó bí wọn lọ́mọ, tàbí kí wọ́n sọ pé "Ìwọ, wá níbí" fún un. Ní agbègbè Afijió, níbi tí Fìdítì àti Ìlọrà wà, ẹni tó bá mọ̀wà hù, bó ti wù kó lówó tó, "Màmá" ni yóò pe ìyá olóúnjẹ, ọmọbìnrin tó ń gbé omi kiri náà yóò sì pè é ní "bọ̀dá" tàbí "dádì". Ìpè méjèèjì ń dáàbò bo ara wọn: ó ṣòro láti fi oúnjẹ jíjó fún dádì ẹni, ó sì ṣòro láti jí ẹran màmá ẹni jẹ.

Kò sí olóúnjẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì. Iyọ̀ á pọ̀ jù, àmàlà á ní kókó, wọ́n á gbé abọ́ ẹlòmíràn fún ẹni tí kò ni ín. Akínkanjú tí Abímbọ́lá kà mọ́ ìwà ọmọlúàbí wúlò níbí, torí pé ó gba àyà láti sọ pé "Èmi ni mo jẹ̀bi." Agbáwo ilé oúnjẹ ńlá sábà máa ń bẹ̀rù rẹ̀, á ní ilé ìdáná ni, ilé ìdáná á ní agbáwo ni, ọ̀gá á sì mú ìwé wá pé wọn yóò dín owó kù lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá olóúnjẹ á ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá mi, ọwọ́ mi ló ṣì," á gba abọ́, á tún un bù, á sì fi ẹran kan lé e. Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nínú irú ìṣẹ́jú méjì bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kọjá lọ ti ń di oníbàárà.

Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni àwọn ọmọ tó ń bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ gbé ti ń kọ́ ìwà yìí, bí wọ́n ti ń fọ abọ́, tí wọ́n ń ku èlùbọ́, tí wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń dáhùn ẹni tó ń pariwo. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń gbà kí ìgbakọ tó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ó máa ń jẹ́ ọjọ́ tí ìyá lọ sọ́jà, tí ọkọ̀ kan yà wọlé, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ọmọ náà kò rí rí. Iye tó bù fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìyá kò sí níbẹ̀ láti wò ó.